Owó Ẹskọ́ṣọ̀n Ń Dá Awuyewuye Sílẹ̀ Nínú Ilé: Ohun Tó Sọ Ìrìn-Àjò Àwọn Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Di Ọ̀wọ́n

Ìwé pélébé kan wà tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ máa ń mú wálé nígbà tí sáà kẹta bá ti wọ ìdajì. Ó lè má ju ojú-ìwé kan lọ, àmọ́ òun ló ń mú kí ọ̀pọ̀ bàbá mi orí, tó sì ń mú kí ìyá wọ yàrá lọ ka owó inú kóló. Ìwé náà yóò sọ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ rin ìrìn-àjò ẹ̀kọ́, èyí tí àwọn ọmọ fúnra wọn ń pè ní ẹskọ́ṣọ̀n. Yóò dárúkọ ibi tí wọ́n ń lọ, ọjọ́ tí wọ́n máa gbéra, iye tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò san, àti ọjọ́ tí wọn kò ní í gba owó mọ́. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni òbí yóò ti fọwọ́ sí i pé òun gbà kí ọmọ òun lọ. Lórí ìlà ìfọwọ́sí yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń di àríyànjiyàn nínú ọ̀pọ̀ ilé báyìí.

Ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti di bàbá àgbà àti ìyá àgbà lónìí, ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, tó ti wà láti ọdún 1948, ni wọ́n ti kọ́kọ́ fojú rí kìnnìún. Àwọn mìíràn gun Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta, wọ́n lọ wo ọkọ̀ òfurufú ní pápákọ̀ Ìkẹjà, tàbí kí wọ́n lọ sí Àgbádárìgì láti wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì ìjọ C.M.S. kọ́ parí lọ́dún 1845. Oúnjẹ tí ìyá dì sínú abọ́ àti owó táṣẹ́rẹ́ ni ọmọ ń mú dání nígbà náà. Ohun tí ojú bá sì rí lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn, ọkàn kì í gbàgbé rẹ̀. Ọmọ tó bá ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè, tó lé ní 600, kò nílò àlàyé gígùn kó tó mọ ìdí tí àwọn baba ńlá fi ń tẹ̀dó sórí òkè nígbà ogun. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú ẹskọ́ṣọ̀n pé eré lásán ni.

Láti ọdún 2023 ni nǹkan ti yí padà gan-an. Ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún náà, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú, ni ààrẹ kéde pé kò sí owó ìrànwọ́ orí epo mọ́. Lítà epo bẹntiróòlù kan tí wọ́n ń tà ní nǹkan bíi N190 tẹ́lẹ̀ fò sókè sí nǹkan bíi N500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ó di N617 ní oṣù keje ọdún kan náà, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá, ọdún 2024, ó ti lé ní N1,000 ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Ó ti ń lọ sókè sódò láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n kò padà síbi tó ti wá. Nítorí náà, epo ni ohun àkọ́kọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ máa ń kà nígbà tí òbí bá béèrè ìdí tí owó fi lọ sókè. Òótọ́ sì ni, àmọ́ òótọ́ náà kò tó.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní ọkọ̀ Coaster kan kó ọmọ 28 láti Ìkẹjà lọ sí Abẹ́òkúta, tó kó wọn padà lọ́jọ́ kan náà, tó sì jẹ epo 30 lítà pẹ̀lú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà. Bí lítà kan bá jẹ́ N190, owó epo yóò jẹ́ N5,700. Bó bá jẹ́ N1,000, yóò di N30,000. Bí a bá pín in sórí àwọn ọmọ náà, ẹni tó ń dá nǹkan bíi N204 tẹ́lẹ̀ yóò máa dá nǹkan bíi N1,071. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò tó N900. Òbí tó bá wá rí i pé ilé-ẹ̀kọ́ fi N10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lé owó ìrìn-àjò ọmọ òun, tí wọ́n sì ní epo ló fà á, ó yẹ kó béèrè ibi tí ìyókù ti wá.

Apá kan ìyókù náà wà nínú ọ̀rọ̀ dọ́là. Ní oṣù kẹfà, ọdún 2023, ni Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jẹ́ kí náírà máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà. Dọ́là kan tó jẹ́ nǹkan bíi N460 lójú ìjọba di ohun tó lé ní N1,500 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Táyà, bátìrì, bíréèkì àti ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tí àwọn onímọ́tò ń lò, òkè òkun ni wọ́n ti ń kó èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn wá. Ohun èlò ọkọ̀ tó ń lọ ní dọ́là 100 lókè òkun kúrò ní N46,000, ó di N150,000, ká má tíì ka owó ẹnubodè àti èrè oníṣòwò. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ háyà kò lè gbé ẹrù yìí sórí ẹlòmíràn ju ẹni tó wá háyà ọkọ̀ lọ. Ìdí rèé tí owó háyà ọkọ̀ fi ń sáré ju owó epo lọ.

Oúnjẹ náà ń bẹ níbẹ̀. Ìrẹsì, ẹran adìẹ, ìpápánu àti omi inú ọ̀rá, kò sí èyí tó dúró lójú kan. Iléeṣẹ́ ètò ìṣirò ti ìjọba àpapọ̀, ìyẹn NBS, sọ pé ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀wọ́ngógó ọjà wà ní oṣù Kejìlá, ọdún 2024, kó tó di pé wọ́n tún ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣírò rẹ̀ ṣe lọ́dún 2025. Owó ìwọlé ní àwọn ibùdó ìgbafẹ́ kò sì gbẹ́yìn, nítorí àwọn tó ń bójú tó ibẹ̀ náà ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀, wọ́n sì ń sanwó oṣù fún òṣìṣẹ́.

Apá tó kù ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ó ti di àṣà ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan pé ọmọ kò lè fi aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ tó ti ní tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ ra ẹ̀wù tuntun tí wọ́n kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ àti ọdún sí láyà, pẹ̀lú fìlà tó bá a mu. Ayàwòrán yóò tẹ̀ lé wọn, òbí yóò sì tún san owó àwòrán nígbà tí wọ́n bá dé. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ yóò bu èrè tirẹ̀ lé e láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kò sí òfin tó ní kí ilé-ẹ̀kọ́ má jèrè, ó kàn jẹ́ pé èrè tó sá pamọ́ sábẹ́ orúkọ epo ni òbí ń bínú sí. Àwọn olùdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà ní ẹjọ́ tiwọn láti rò o. Ọ̀pọ̀ òbí ló jẹ wọ́n ní owó ilé-ẹ̀kọ́, owó oṣù àwọn tíṣà ń dúró dè wọ́n, ìwọ̀nba tó bá sì wọlé lórí ẹskọ́ṣọ̀n ni wọ́n fi ń dí ihò tí gbèsè gbẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n wá ń fi ẹrù náà lé lórí? Òbí tó ti san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé ni.

Ọ̀rọ̀ ààbò tún gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Ní ọjọ́ 29, oṣù kìíní, ọdún 2024, àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kan lọ́nà ní Emùré-Èkìtì, wọ́n sì kó àwọn ọmọ, àwọn olùkọ́ àti awakọ̀ wọn wọ inú igbó lọ. Kì í ṣe ẹskọ́ṣọ̀n ni wọ́n ń lọ o, ilé ni àwọn ọmọ náà ń padà sí lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ 4, oṣù kejì, ni àwọn ọmọ àti olùkọ́ wọn gba ìtúsílẹ̀. Awakọ̀ kò bá wọn dé, wọ́n ti pa á. Láti ìgbà náà, ilé-ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ kó ọmọ gba ọ̀nà jíjìn ní láti ronú nípa ọlọ́pàá tàbí Àmọ̀tẹ́kùn tí yóò bá wọn lọ, kí wọ́n sì gbéra ní kùtù kí wọ́n lè tètè dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀ṣọ́ yóò jẹun, yóò sì gba owó. Àwọn òbí kan wà tí owó wà lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n ṣì kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé náà nítorí ìbẹ̀rù ọ̀nà. Ẹni tí kò bá ní owó sì tún ní ìbẹ̀rù yẹn, ìṣòro tirẹ̀ ti di méjì.

Kí ni gbogbo èyí wá túmọ̀ sí nínú ilé? N70,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin àpapọ̀ fọwọ́ sí láti oṣù keje, ọdún 2024. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ, Èkó sì kéde N85,000. Ká mú òṣìṣẹ́ tó ń gba N70,000, tó ní ọmọ mẹ́ta nílé-ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú N25,000 wá, N75,000 ni gbogbo rẹ̀. Gbogbo owó oṣù ti lọ, yóò tún wá N5,000 kún un, nígbà tí kò tíì sí oúnjẹ lórí tábìlì, tí onílé sì ń kan ilẹ̀kùn. Oníṣẹ́-ọwọ́, ìyá oníbúrẹ́dì tàbí ọlọ́kadà kò tilẹ̀ ní owó oṣù tí ó dá lójú. Ohun tí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á yan ẹnì kan nínú àwọn ọmọ. Èyí tó wà ní kíláàsì àṣejáde ni wọ́n sábà máa ń mú, wọ́n á wá bẹ àwọn yòókù pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ yóò dé, owó náà yóò tún ti lé sí i.

Ẹlòmíràn a lọ gba èésú rẹ̀ kí ó tó kàn án, tàbí kó bẹ alájọ pé kó fún òun ní owó oṣù tí kò tíì pé. Àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ń yá owó níbẹ̀. Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń yáwó lórí fóònù, níbi tí èlé ti máa ń gun orí owó kíákíá, tí wọ́n sì lè máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ tí ń dójú tini ránṣẹ́ sí àwọn tí orúkọ wọn wà nínú fóònù olówó yíyá. Tọkọtaya mìíràn kì í bára wọn sọ òótọ́: ìyá á ti san án ní bòńkẹ́lẹ́ nínú owó ọjà, bàbá á sì rò pé ọmọ kò lọ, títí tí ọmọ náà yóò fi dé lálẹ́ tí yóò máa ròyìn ohun tó rí.

Ọmọ tó kù sílé ni àgbàlagbà kì í rò ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan, wọ́n á ní kó jókòó sílé lọ́jọ́ yẹn, tàbí kó lọ bá àwọn ọmọ kíláàsì kékeré jókòó. Ọjọ́ kejì á tún le ju ọjọ́ náà lọ. Tíṣà yóò wọlé, yóò ní kí gbogbo kíláàsì kọ àròkọ lórí ìrìn-àjò àná. Ọmọ tí kò lọ yóò ha kọ kí ni? Ó lè tẹ̀ lé ohun tó gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó parọ́ sínú ìwé, ó sì lè fi ojú-ìwé náà sílẹ̀ lófìfo kó gba òdo. Máàkì tí ó yẹ kó jẹ́ ti ọpọlọ ti di ti àpò baba rẹ̀ nìyẹn. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá mọ ohun tó ń ṣe kò gbọdọ̀ fún ọmọ ní irú iṣẹ́ yẹn láìfún un ní àkọlé mìíràn.

Ṣé òfin kò sọ nǹkan kan ni? Òfin UBE ti ọdún 2004 sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré tí ó jẹ́ ti ìjọba, ó sì ní ìjìyà fún ẹni tó bá gba owó lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin náà kà pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ ni ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, àga àti tábìlì, pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán. Ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ kò sí níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kò tilẹ̀ sí lábẹ́ apá òfin yẹn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń tọ́mọ, pàápàá ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ó yàtọ̀. Òfin Ètò Ẹ̀kọ́ wọn ti ọdún 1996 kò gba ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba láàyè láti bu owó lé òbí fún ìrìn-àjò tó bá wáyé lásìkò ẹ̀kọ́. Ọrẹ àtinúwá ni wọ́n lè béèrè, wọn kò sì gbọdọ̀ yọ ọmọ sílẹ̀ nítorí pé òbí rẹ̀ kò dá a. Bí ọrẹ náà kò bá tó, wọ́n lè fagi lé ìrìn-àjò náà fún gbogbo ọmọ. Wọ́n lè gba owó ibùsùn àti oúnjẹ bí àwọn ọmọ bá máa sùn síbẹ̀, àmọ́ òbí tó ń gba irú àwọn owó ìrànwọ́ kan lọ́wọ́ ìjọba kì í san án. Èyí kò sọ pé gbogbo nǹkan rọgbọ fún wọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ìtìjú ọmọ kan ṣoṣo kò sí nínú rẹ̀.

Ti àwọn tó ń kó ọmọ lọ sí òkè òkun kò gba àlàyé púpọ̀. Ìrìn-àjò dọ́là 2,000 sí Dubai tàbí Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ N920,000 ní iye tí ìjọba ń ka dọ́là sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dọ́là ti lé ní N700 nígbà náà ní ọjà dúdú tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń rà á. Nígbà tí dọ́là di N1,500, mílíọ̀nù mẹ́ta náírà ni. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń ṣe èyí ní àwọn oníbàárà tirẹ̀. Ohun tó kan àwọn yòókù ni pé ìdíje ń ràn: ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò tí kò ní agbára á ní òun kò gbọdọ̀ kẹ́yìn, á bá pinnu Kútọnu tàbí Gánà dípò Òṣogbo.

Ó yẹ ká rántí pé irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ èdè Faransé ní yunifásítì Nàìjíríà máa ń lọ lo ọdún kan ní ilẹ̀ Faransé tàbí ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Faransé, kí èdè náà lè yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé ètò SAP kalẹ̀ lọ́dún 1986, tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, owó ìrìn-àjò yẹn kọjá ohun tí apá ká. Wọn kò pa ètò náà rẹ́. Ní ọdún 1991, wọ́n dá abúlé èdè Faransé kan sílẹ̀ ní Àjárá, Àgbádárìgì, tí a mọ̀ sí Nigeria French Language Village, níbi tí kò jìnnà sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń lọ gbé, tí wọ́n ti ń jẹun, tí wọ́n sì ti ń bára wọn sọ Faransé láìkúrò nílẹ̀ Nàìjíríà. Wọ́n dá irú rẹ̀ sílẹ̀ fún èdè Lárúbáwá ní Ngala, ìpínlẹ̀ Borno. Kò sí ẹni tó máa sọ pé gbígbé ní Àgbádárìgì dà bíi kéèyàn máa ná ọjà ní Lomé tàbí Dakar lójoojúmọ́. Nǹkan kan sọnù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó dá a sílẹ̀ béèrè ohun tí ìrìn-àjò náà wà fún, èdè ni, wọ́n sì wá ọ̀nà tí owó àwọn lè ká láti fi rí i.

Ìbéèrè kan náà ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fẹ́ kí ọmọ mọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ Abẹ́òkúta ní àwọn aláró àti ọjà àdìrẹ Ìtọ́kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti Ìṣẹ́yìn ní àwọn ahunṣọ òkè, ti Ìlọrin ní àwọn amọ̀kòkò Òkèlele. Bó bá jẹ́ ìtàn ni, ọmọ Ìbàdàn lè wo gbogbo ìlú rẹ̀ láti orí Láyípo, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1936, kó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn Mápó. Ọmọ Ilé-Ifẹ̀ ní Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, ọmọ Òṣogbo ní igbó Ọ̀ṣun tí àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Àwọn ọmọ Èkó ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Oníkan láti ọdún 1957. Ohun tó ń ṣini lọ́nà ni pé òbí mìíràn á ní, ṣé ibi tí ọmọ òun ń gbà kọjá lójoojúmọ́ ni wọ́n tún fẹ́ gbowó mú un lọ? Àmọ́ bí wọ́n bá bi í pé ìgbà wo lòun fúnra rẹ̀ wọ ibẹ̀ kẹ́yìn, kì í sábà rí èsì fọ̀.

Ní ti ọ̀nà jíjìn, ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà, ọdún 2021, ń dúró ní Abẹ́òkúta, ó sì ń gba gbogbo kíláàsì lẹ́ẹ̀kan náà. Fún ọmọ tí kò wọ ọkọ̀ ojú irin rí, ọ̀nà fúnra rẹ̀ ti di ẹ̀kọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ ṣì máa nílò ọkọ̀ tí yóò gbé wọn láti ibùdókọ̀ lọ síbi tí wọ́n ń lọ, ó sì yẹ kí wọ́n ṣírò ìyẹn mọ́ ọn kí wọ́n tó kéde iye fún òbí.

Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ló lágbára jù lórí ọ̀rọ̀ yìí, bí wọ́n bá lò ó. Wọ́n lè ní kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: iye owó ọkọ̀, owó ìwọlé, oúnjẹ, ẹ̀ṣọ́, adójútòfò, àti iye tí ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ jẹ níbẹ̀. Wọ́n lè ní kí ẹ̀wù tuntun di ti ẹni tó bá wù. Wọ́n sì lè béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí owó bí ìrìn-àjò náà kò bá wáyé, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tó máa dín wàhálà kù jù lọ kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti mọ̀ pé Ìdànrè ni àwọn ń lọ ní oṣù kẹfà, kí wọ́n kọ ìwé sí òbí ní oṣù kẹsàn-án tí ọdún ẹ̀kọ́ bá wọlé. N25,000 tí òbí kò lè rí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bó bá pín in sí oṣù mẹ́jọ, kò pé N3,200 lóṣù kan, iye tí alájọ lè máa gbà díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ ìyá ọlọ́jà.